Kéèpù akọni fún ọmọ 12 láàárín wákàtí 2: ìwọ̀n, ọrùn àti ọ̀ṣọ́ rẹ̀

OjúAbẹ́rẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ abẹ́rẹ́ lò. Mo fẹ́ bá àwọn ọmọdé 12 ṣe kéèpù, irú aṣọ tí àwọn akọni inú fíìmù máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn tí atẹ́gùn á máa fẹ́. Mọ́kànlá nínú wọn wà láàárín ọdún 4 sí 8. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 2. Máṣíìnì wà nílẹ̀, mo lè rán ìlà tó gún, kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Wákàtí 2 péré ni a ní pẹ̀lú àwọn ọmọ náà.

Báwo ló ṣe yẹ kí kéèpù gùn tó fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan? Sátìn tó mítà mélòó ni kí n rà? Kí ni kí n fi dè é lọ́rùn? Èyí tó wá ká mi lára jù ni ọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àmì tirẹ̀ sẹ́yìn kéèpù: ìràwọ̀, mànàmáná, tàbí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. N kò sì fẹ́ èyí tó máa ti ṣí kúrò kí wọ́n tó délé.

ÌkaMẹ́wàá fèsì:

Ẹ kú ìmúra. Wákàtí 2 ò lè gba gígé, rírán àti ọ̀ṣọ́ pọ̀, ẹ má tan ara yín. Ẹ ti gé e, kí ẹ ti ṣẹ́ etí rẹ̀, kí ẹ sì ti rán ọrùn mọ́ ọn sílẹ̀ kí ọmọ kankan tó wọlé. Ọ̀ṣọ́ nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Gígùn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi eegun tó yọ lẹ́yìn ọrùn, kí tépù dúró díẹ̀ sókè kòtò ẹ̀yìn orúnkún. Bí ẹ ò bá lè rí àwọn ọmọ wọ̀n ṣáájú, 45 cm tó ọmọ ọdún 2 sí 3, 55 cm tó ọmọ ọdún 4 sí 5, 65 cm sì tó ọmọ ọdún 6 sí 8. Àwọn kan á ní kí ó gùn dé kókósẹ̀ kó lè jọ ti fíìmù. Ẹ má gbà fún wọn. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kéèpù gígùn máa tẹ etí rẹ̀ nígbà tó bá ń dìde, ọrùn rẹ̀ ni aṣọ á sì fà. Lórí àtẹ̀gùn ló tún burú jù.

Ní ti ìrísí, òkè á tẹ́ẹ́rẹ́, ìsàlẹ̀ á fẹ̀: 26 cm lókè, 60 cm nísàlẹ̀. Ẹ fi 2 cm kún gígùn tí mo kọ sókè yẹn, 1 cm fún ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, 1 cm fún ibi tí ọrùn máa ti wọ̀ ọ́. Ẹ gé àpẹẹrẹ kan sórí páálí, kí ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ tọ etí rẹ̀ lórí aṣọ.

Ibi tí wọ́n ti ń fi aṣọ ṣòfò ni pé wọ́n ń to gbogbo kéèpù kí òkè wọn kọjú síbì kan náà. Ẹ yí wọn lórí padà: èyí kọ orí sókè, èyí tó tẹ̀ lé e kọ orí sísàlẹ̀, ẹ̀kẹta tún kọ orí sókè. Lórí aṣọ tó fẹ̀ tó 150 cm, mẹ́ta máa wọ ìlà kan báyìí, nítorí 60 àti 26 àti 60 jẹ́ 146. Bí ẹ bá gé gbogbo wọn ní ìwọ̀n tó gùn jù, ìlà mẹ́rin tó jẹ́ 67 cm lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ìyẹn 268 cm. Ọrùn 12 máa gba nǹkan bíi 32 cm sí i. Ẹ ra 3.2 m. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní 115 cm, méjì péré ló máa wọ ìlà kan, ìlà á di mẹ́fà, kí ẹ ra 4.5 m.

Nísinsìnyí, ọrùn. Ẹ gé ọ̀já tó fẹ̀ ní 8 cm. Ní ti gígùn rẹ̀, ẹ fi tépù yí ọrùn ọmọ ká pẹ̀lú ìka yín méjì lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi 3 cm kún un fún ibi tí etí méjèèjì máa ti gorí ara wọn, àti 2 cm fún rírán. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ ní 44 cm sílẹ̀ ná, ẹ ó gé èyí tó bá ṣẹ́ kù dànù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣẹ́ etí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kéèpù, òkè rẹ̀ á ku 24 cm. Ẹ ká a ní ìṣẹ́po mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 2 cm. Yóò di 16 cm. Ẹ wá rán 16 cm yìí mọ́ ọ̀já náà, kí ó sún mọ́ etí kan ju èkejì lọ kí ìdè lè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, kí ẹ ṣẹ́ ọ̀já po sínú, kí ẹ sì rán an tì. Ìṣẹ́po yẹn ló ń jẹ́ kí kéèpù wú lẹ́yìn. Láìsí i, pẹlẹbẹ ló máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọmọ bíi tọ́wẹ́ẹ̀lì.

Ẹ tún yí igun ìsàlẹ̀ méjèèjì po, ẹ fi àwo ìjẹun kan fa ìlà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó dà yẹn gùn ju àárín lọ ní bíi 2 cm, torí náà igun tí a kò yí po máa rọ̀ sísàlẹ̀ ṣoṣoro ni.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa sátìn, aṣọ tí kì í gbọ́ràn ni. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì tuntun, nọ́ńbà 70 tàbí 75, gígùn ẹsẹ̀ ìránṣọ kọ̀ọ̀kan 2.5 mm. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kú, yóò máa fa òwú sátìn yọ, ìlà á sì sún jọ. Ẹ di òwú méjèèjì mú sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máṣíìnì á gbé igun aṣọ mì sínú ihò rẹ̀. Bó bá ṣì ń yọ̀ kiri, ẹ tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ rán wọn pọ̀, kí ẹ wá fa pépà ya kúrò. Píìnì máa ń dá ihò tí kì í lọ sí i lára, kí ẹ máa gún un sí àyè ìránṣọ nìkan.

Bí gbogbo èyí bá dà bí wàhálà lójú yín, ẹ fi sátìn sílẹ̀, ẹ ra jẹ́sì (irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán tí-ṣẹ́ẹ̀tì) tàbí fílíìsì (aṣọ múlọ́múlọ́ ti òtútù). Etí wọn kì í tú, ẹ lè gé wọn kí ẹ má ṣẹ́ ìṣẹ́tí kankan. Wọn kì í dán bíi sátìn, ọmọdé ò sì ní bá yín ṣẹjọ́ lórí ìyẹn.

Ríbọ́ọ̀nùPupa fèsì:

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú pẹ̀lú ọ̀já? Ríbọ́ọ̀nù méjì, 40 cm lọ́tùn-ún, 40 cm lósì, kí ọmọ so ó. Ó yá, ó sì bá ọrùn gbogbo wọn mu. Bó bá wọ ọmọ ọdún 4, á wọ ọmọ ọdún 8.

ẸnuÌlẹ̀kùn fèsì:

@Ríbọ́ọ̀nùPupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní ìmọ̀ràn yẹn mọ́. Ohun tí a so lọ́rùn ọmọ kì í tú bí kéèpù bá kọ́ nǹkan. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ẹ̀ka igi, orí àtẹ̀gùn ibi ìṣeré, ọwọ́ ọmọ míì tó ń lé e: ìkankan nínú wọn tó láti fi aṣọ fún ọmọ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ìlànà EN 14682 ti ilẹ̀ Yúróòpù kò fi gba okùn síso kankan láàyè lágbègbè orí àti ọrùn aṣọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà gbé ìlànà jáde ní 1996 pé kí wọ́n yọ okùn kúrò lọ́rùn àti lórí aṣọ òkè àwọn ọmọdé, láti ìwọ̀n 2T (ti ọmọ ọdún 2) títí dé 12. Aṣọ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ ò mọ aṣọ ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí aṣọ àtọwọ́dá.

Velcro ni kí ẹ lò, èyí tó máa ń dún fàà bí wọ́n bá fà á. Òun náà ní ọ̀nà tó ń gbà di ewu, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ọ́n. Velcro rọrùn láti ṣí bí ẹ bá bó o láti etí bí ẹni ń bó èèpo. Bí ẹ bá fà á ní gbọọrọ, tí ojú méjèèjì ń wọ́ lórí ara wọn, agbára rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá fa kéèpù láti ẹ̀yìn, tí ìdè wà níwájú ọ̀fun, fífà gbọọrọ gan-an ni. Nítorí náà, Velcro tó gùn ní 5 tàbí 6 cm lè má ṣí rárá títí tí ọ̀já á fi tẹ ọ̀fun. Kí ó má ju 2 cm sí 2 cm lọ, kí ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, lókè èjìká. Kò gbọdọ̀ wà ní iwájú ọ̀fun.

Ẹ dán an wò kí ọmọ tó wọ̀ ọ́: ẹ dè é yí apá yín ká, kí ẹ fi ìka méjì fa kéèpù láti ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ já kí apá yín tó mọ̀ ọ́n lára. Bó bá le, ẹ gé apá Velcro tó rí ṣákaṣàka sí ìlàjì.

Apá tó rọ̀ ni kí ẹ rán sí ojú inú etí ọ̀já tó máa wà lókè, torí òun ló lè kan ara ọmọ bí wọn ò bá dè é dáadáa. Apá ṣákaṣàka á wà ní ojú ìta etí tó wà lábẹ́. Ẹ má ra èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í dúró lórí aṣọ, bí ẹ bá sì ní kí ẹ rán an, á lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì yín, òwú á máa já ṣáá.

Fún ọmọ ọdún 2 yẹn, kò sí ọ̀já lọ́rùn rárá. Ẹ rán Velcro kékeré méjì sí èjìká aṣọ tó wọ̀ sínú, méjì sí igun òkè kéèpù. Bó bá kọ́ nǹkan, bíbó ló máa bó, kò sì sí ohun tó kan ọrùn. Ká sọ òótọ́, gbogbo wọn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí àyè bá wà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kéèpù á wá di ti aṣọ kan ṣoṣo.

Kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gun nǹkan ìṣeré, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, kí wọ́n tó sùn. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àbẹ́là tàbí sítóòfù. Òwú máa ń gbiná kíákíá, sátìn oní-polyester sì máa ń yọ́ mọ́ ara.

Ríbọ́ọ̀nùPupa fèsì:

Ó yé mi. Ẹ ṣeun. Mo yọwọ́.

Olùkọ́Ìkókó fèsì:

Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí ti ọ̀ṣọ́. Ohun kan ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìyọnu: kí ọmọ má fi nǹkan kan sórí kéèpù ní tààràtà. Kí wọ́n ṣe àmì wọn sórí felt (aṣọ nínípọn tí etí rẹ̀ kì í tú) tí a gé róbótó, tó fẹ̀ ní 20 cm, kí a wá lẹ felt yẹn mọ́ kéèpù. Bí ọmọ bá ba ti ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, felt kan ló bàjẹ́, a ó fún un ní òmíràn. Bó bá jẹ́ orí sátìn ló ti ṣe é, kéèpù tí ẹ fi odidi alẹ́ rán ló lọ yẹn.

Ọ̀dà aṣọ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún wákàtí 2. Púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ odidi ọjọ́ kan kí wọ́n gbẹ, kí a tó fi áyọ́ọ̀nù mú wọn le. Èyí tí kò nílò kí ẹ dúró dè é ni gọ́ọ̀mù onípépà tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Kí àwọn ọmọ tó dé, ẹ lọ gọ́ọ̀mù náà mọ́ ẹ̀yìn felt aláràbarà, kí pépà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Èrè rẹ̀ pé méjì. Àkọ́kọ́, ó ti ṣetán láti lẹ̀. Èkejì, sìsọ́ọ̀sì ọmọdé kì í gé felt lásán, ṣe ni felt máa ń rọ̀ tí á ká sáàárín ojú rẹ̀ méjèèjì, ọmọ á máa fà á títí á fi sunkún. Felt tó ní pépà lẹ́yìn dúró gbọin, sìsọ́ọ̀sì á gé e bí ẹni ń gé ìwé. Àwọn ọmọ á sì fi pẹ́ńsù yàwòrán wọn sórí pépà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ohun tí wọ́n bá yà sórí pépà máa yí padà nígbà tí ẹ bá dojú felt sókè. Mànàmáná àti ìràwọ̀ kò ní wàhálà. Lẹ́tà ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. A, H, I, M, O, T, U, W àti Y kò yàtọ̀ bí a bá yí wọn padà. B, D, E, F, G, J, K, L, N, P, R, S gbọ́dọ̀ wà ní ìdàkejì. Ẹ gé àwọn lẹ́tà yẹn sórí páálí sílẹ̀, kí ọmọ dojú páálí délẹ̀ lórí pépà kó sì fi pẹ́ńsù tọ etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ẹ, Ọ tàbí Ṣ, ẹ má gé àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ ṣí, òun náà ni ọmọ kékeré á gbé sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí felt tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 1 cm so ó mọ́ ara lẹ́tà.

Ní ti gígé, mànàmáná ló rọrùn jù, ìlà gbọọrọ ni gbogbo rẹ̀, ọmọ ọdún 4 á ṣe é. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún le torí igun inú rẹ̀. Ọmọ máa ń fẹ́ yí sìsọ́ọ̀sì nínú igun yẹn, á sì gé ẹsẹ̀ ìràwọ̀ já. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n gé láti ìta wọ inú dé igun, kí wọ́n yọ sìsọ́ọ̀sì jáde pátápátá, kí wọ́n wá ti apá kejì gé wọlé pàdé rẹ̀. Fún àwọn tó kéré, ẹ fún wọn ní igun mẹ́ta méjì, kí wọ́n gbé ọ̀kan lé èkejì ní ìdàkejì, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ti jáde nìyẹn. Kí àwòrán fẹ̀ tó 14 tàbí 15 cm, kó má kéré ju bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò fẹ̀ tó ìka méjì máa ń ya nígbà gígé, ó sì máa ń ṣí nígbà fífọ̀.

Bí ọmọ bá gé e tán, á bó pépà ẹ̀yìn rẹ̀ (ẹ fi orí píìnì ha ìlà sí i lára, ibẹ̀ ni pépà á ti ṣí), á tò ó sórí felt róbótó, ó di ọwọ́ àgbàlagbà. Àmì ojú kan (àmì róbótó kékeré kan) lára áyọ́ọ̀nù dúró fún bíi 110°C, ojú méjì fún bíi 150°C, ojú mẹ́ta fún bíi 200°C. Felt oní-akirílíìkì àti sátìn oní-polyester kò fẹ́ ojú mẹ́ta rárá, felt á yọ́ di páálí. Ẹ lo ojú méjì, kí aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàárín áyọ́ọ̀nù àti felt. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ gbé e sókè, ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ má wọ́ ọ bí ẹni ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, torí gọ́ọ̀mù tó ti yọ́ máa gbé àwòrán náà rìn. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi èékánná dán igun rẹ̀ wò. Nígbà tó bá gbóná, gbogbo wọn ló máa dà bí ẹni ń ṣí. Bó bá tutù tó ṣì ń gbéra, ìṣẹ́jú àáyá 5 sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi irú gọ́ọ̀mù kan náà lẹ felt róbótó mọ́ kéèpù, kí òkè rẹ̀ jìn sí ọ̀já ọrùn ní 10 cm. Ti ọmọ kan máa gba bíi ìṣẹ́jú 2, ti ọmọ 12 á súnmọ́ ìdajì wákàtí. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò àkókò yín, torí ibi áyọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn ti máa tò. Ẹ fi tépù fa ìlà sílẹ̀ ní mítà kan sí tábìlì, kí ọmọ kankan má kọjá rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ gan-an, ẹ rán ìlà kan yí etí felt róbótó ká ní ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù nìkan máa gbà fífọ̀ díẹ̀ mọ́ra, kò lè rí bíi rírán.

OjúAbẹ́rẹ́ fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Sátìn tí mo rí ní ìràwọ̀ kéékèèké lára, gbogbo wọn kọjú sókè. Ṣé mo ṣì lè yí i lórí padà nígbà gígé? Máákà àwọ̀ náà ńkọ́, fún àwọn tí kò fẹ́ gé nǹkan? Àwọn kan tún ní kí n kàn fi ìbọn gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ gbogbo rẹ̀ kó yá.

ÌkaMẹ́wàá fèsì:

Ẹ ò lè yí i o. Ìdajì àwọn ọmọ á máa gbé ìràwọ̀ tó dorí kodò. Méjì ni kí ẹ tò sí ìlà kan lórí aṣọ 150 cm, kí àwọn méjèèjì kọ orí sókè. 120 cm ni wọ́n máa gbà, 30 cm á ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀já ọrùn á ti jáde, mẹ́ta láti ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́fà, 402 cm. Ẹ ra 4.2 m, ẹ ò ní ra aṣọ ọrùn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí sátìn tí kò ní àwòrán, ìyẹn ni mo máa fọwọ́ sí, torí àmì ọmọ máa hàn lórí rẹ̀ dáadáa. Àwọ̀ tó dúdú lábẹ́, àmì tó mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀.

Olùkọ́Ìkókó fèsì:

Máákà aṣọ kò ní wàhálà lórí aṣọ òwú funfun. Lórí sátìn, tàdáwà rẹ̀ máa ń bá òwú sátìn lọ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á tàn ká di àbàwọ́n. Torí náà, fún ẹni tí kò fẹ́ gé, ẹ gé aṣọ òwú róbótó 20 cm dípò felt. Ẹ fọ aṣọ òwú náà ṣáájú, kí ẹ má sì fi nǹkan tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Ohun tí ilé iṣẹ́ fi pa á lára láti mú un dúró kì í jẹ́ kí àwọ̀ wọlé. Ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí ní ibi mẹ́rin létí rẹ̀ kó le gbọin, torí aṣọ tó bá ń sún lábẹ́ ọwọ́ ọmọ kì í gba ìlà. Bí wọ́n bá yà á tán, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí àkọlé máákà náà bá ṣe ní kí ẹ ṣe é, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kéèpù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya ìlà etí rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Ẹ má lo dídán wẹ́wẹ́, irú èyí tí a ń bu wọ́n sórí gọ́ọ̀mù. Kò sí ohun tó ń dì í mú pátápátá, ojú àwọn ọmọ ló máa bá lọ.

ẸnuÌlẹ̀kùn fèsì:

Ìbọn gọ́ọ̀mù: rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní tútù gan-an ń gbóná tó bíi 120°C, èyí tó gbóná ń lọ sí bíi 190°C. Ìkíní lè bó ọmọ lára, ìkejì lè ba sátìn jẹ́. Yàtọ̀ sí ewu, gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń le gbagidi nígbà tó bá tutù. Kéèpù sì jẹ́ aṣọ tó ń ká, tó ń fì. Ibi tó le yẹn ni á ti máa bó díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi jábọ́ lódindi. Gọ́ọ̀mù funfun tí ọmọ ilé ìwé ń lò pàápàá ò ṣeé gbára lé, omi ló ń tú u.

Mo fẹ́ fi ìkan kún ohun tí Olùkọ́ sọ. Kí ọ̀ṣọ́ má wúwo. Bọ́tìnì, ìlẹ̀kẹ̀, felt ìlọ́po mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ẹ̀yìn náà ni wọ́n sì máa ń fa ọ̀já sí, á máa há ọmọ lọ́fun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ tó bá ń fi ọwọ́ fa ọrùn kéèpù rẹ̀ síwájú ní gbogbo ìgbà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ti ọmọ ọdún 2 yẹn, kò sí bọ́tìnì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Àgbá kékeré tí wọ́n fi ń dán nǹkan ìṣeré àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 wò fẹ̀ ní 31.7 mm. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ pátápátá lè há ọmọ lọ́fun.

ÌlàGbọọrọ fèsì:

Bí sátìn kò bá tó, tàbí tí ọmọ kẹtàlá bá yọjú, tí-ṣẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà tó ti gbó máa di kéèpù láàárín ìṣẹ́jú 10, láìsí máṣíìnì. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí iwájú rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ gé apá rẹ̀ méjèèjì kúrò, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé èjìká, kí ẹ wá gé iwájú kúrò lábẹ́ ọrùn, kí rọ́bà ọrùn nìkan ṣẹ́ kù níwájú pẹ̀lú odidi ẹ̀yìn. Ẹ gé ẹ̀yìn náà wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó ní ìrísí tí ÌkaMẹ́wàá sọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n ń fi rọ́bà ọrùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n ní ó ń fà. Lóòótọ́ ó ń fà, ṣùgbọ́n kò ní já. Ẹ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká kan, kí ẹ fi ọwọ́ rán Velcro 2 cm yẹn sí i. Ọmọ ọdún 7 tàbí 8 lè rán ìyẹn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fún un ní abẹ́rẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ àti òwú méjì tí a lọ́ pọ̀, kí òwú má gùn ju láti ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ lọ. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, gbogbo àkókò yín á lọ sórí títú kókó.

Etí jẹ́sì máa ká sókè lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ fà á díẹ̀ kó ká tán, ó ti di ìṣẹ́tí tirẹ̀ nìyẹn. Felt àti gọ́ọ̀mù onípépà ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, kódà ju sátìn lọ.

OjúAbẹ́rẹ́ fèsì:

Mo ti rí sátìn aláwọ̀ búlúù dúdú tí kò ní àwòrán, 150 cm ni, mo ra 3.2 m. Báwo ni kí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́?

ÌkaMẹ́wàá fèsì:

Ọwọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, omi tútù, kí wọ́n ti Velcro pa ṣáájú kó má baà ha sátìn. Wọn ò gbọdọ̀ fún un. Kí wọ́n sá a síbi tí oòrùn kò sí, kí wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́. Kí wọ́n dúró títí di ọjọ́ kejì tí ẹ lẹ̀ ẹ́, ó kéré tán, kí wọ́n tó fi omi kàn án.